Omi Tó Ń Mọ́ Kìkì Bí Mo Bá Wà Níbẹ̀

Ìyá ìyàwó mi kì í mu omi sísè. Ó ní èéfín máa ń wọ̀ ọ́. Kì í mu píọ̀ wọ́tà. Ó ní òórùn ọ̀rá kì í kúrò lára rẹ̀. Oògùn tí àwọn nọ́ọ̀sì ní kó máa kán sí omi, ó ní ó ń jẹ́ kí ilé òun rùn bí ilé ìwòsàn. Omi kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Oǹdó ni ó ń mu láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti fi owó kòkó kọ́ ilé náà. Omi yìí kan náà ló gbé e dé ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, tó sì tún gbé e padà síbẹ̀ kí ọdún tó yí po. Táífọ́ọ̀dù ni. Nígbà kejì, a rò pé kò ní bọ̀.

Àbúrò ìyàwó mi, tó ń gbé ní Èkó, ló wá mú un kúrò ní ilé ìwòsàn. Ó pè mí lórí fóònù.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o, mi ò ní jẹ́ kí kànga pa ìyá mi. Bí ọdún Àjíǹde bá fi dé tí omi yẹn ò tíì ṣeé mu, mò ń kó wọn lọ sí Èkó."

"Kí ni àwọn fúnra wọn sọ?"

"Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wú kànga náà, kí n gbé e sínú mọ́tò, àwọn á máa bọ̀ lẹ́yìn."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọkọ Màmá ń sùn sí iwájú ilé náà, lábẹ́ sìmẹ́ńtì tí Màmá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá láràárọ̀. Bí wọ́n bá gbé Màmá lọ sí yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Èkó, mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ lọ́wọ́ wa. Èmi náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi lọ, ilé yẹn nìkan ló kù tí wọ́n ti ń fi orúkọ ìgbà èwe rẹ̀ pè é.

Mo ní kí àbúrò fi omi náà sílẹ̀ fún mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé rédíò ni omi.

Rédíò ni iṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀. Mo ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, títí mo fi lé ní ẹni ogójì ọdún. Ìyàwó mi ló tì mí lọ sí ilé ìwé. Mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí, mo gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì gbà mí sí yàrá ìṣàyẹ̀wò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ omi yìí dé, mo ti lé ní àádọ́ta, mo ń kàwé fún dìgírì kejì, olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà kò sì dàgbà ju àbúrò mi àbíkẹ́yìn lọ. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Bàbá ni òun ń pè mí. Ó máa ń nira fún un láti bá mi wí, ó máa ń nira fún èmi náà láti gba ìbáwí rẹ̀, nítorí náà àwa méjèèjì máa ń dákẹ́ púpọ̀.

Dáyóòdù yúfí ni iṣẹ́ tí a jọ ń ṣe. Dáyóòdù ni iná bíńtín tó ń tàn lára tọ́ọ̀ṣì ìgbàlódé. Ti yúfí yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ wà lẹ́yìn àwọ̀ àlùkò, níbi tí ojú ènìyàn kò dé mọ́, àmọ́ bí ó bá kan kòkòrò inú omi, kòkòrò náà kò ní lè bí sí i mọ́. Kò nílò kẹrosíìnì, èyí tí apá ọ̀pọ̀ ilé kò ká mọ́ nígbà náà. Kò ní òórùn. Kì í yí adùn omi padà. Bí mo bá ń wá ohun tí ahọ́n Màmá kò ní rí àléébù sí, òun nìyí.

Ìyọnu rẹ̀ ni kò lóǹkà. Dáyóòdù náà kò tó hóró àgbàdo. Púpọ̀ nínú iná tí o bá fún un, ooru ni yóò fi ṣe. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó bá sì bí, inú rẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń kú sí, nítorí pé ìpele tí wọ́n fi bò ó lórí kí iná lè ráyè wọlé ni ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì. Àwọn tó ń ṣe é lókè òkun ló ń bá ìyẹn jà: wọ́n ń wá ìbòrí tí iná lè gbà wọlé, tí ìmọ́lẹ̀ sì lè gbà jáde. Àwa ní Àkúrẹ́ kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe dáyóòdù. Èyí tí wọ́n ti ṣe tán ni à ń rà, nígbà tí dọ́là ń gòkè lójoojúmọ́ tí epo mọ́tò sì di ohun tí a ń fi ẹ̀jẹ̀ rà. Ohun tó yí i ká ni àwa lè tún ṣe: orí kí ni kó jókòó lé kí ooru má pa á, kí ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má ṣòfò, kí ni kí a fi bò ó kí omi má bà á jẹ́.

Ìbòrí yẹn ló kọ́kọ́ fi ìyà jẹ mí. Mo da gọ́ọ̀mù tó mọ́ bíi dígí lé dáyóòdù lórí kí omi má baà kàn án. Kò pẹ́ tí gọ́ọ̀mù náà fi pọ́n bí epo tó jóná, omi inú ike sì wà bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo kòkòrò rẹ̀. Mo gbé e han Dókítà. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Bàbá, ojú tiwa ló mọ́ sí o. Lójú yúfí, ògiri ni."

Mo gbọ́. Mo rò pé mo gbọ́.

Mo fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀. Mo ra ìkòkò ńlá onírin dídán kan ní Ọjà Ọba, irú èyí tí àwọn alásè ń lò, mo sì sọ ìdérí rẹ̀ di ilé fún dáyóòdù. Mo fi alumíníọ̀mù dídán tẹ́ ìsàlẹ̀ ìdérí náà nítorí pé òun ló ń dá ìmọ́lẹ̀ yìí padà. Ọ̀dà funfun kì í dá a padà, bó ti wù kó funfun tó. Mo to àwọn dáyóòdù sí i, wọ́n dojú kọ omi, ìhòòhò ni wọ́n wà, àmọ́ mo gbé wọn sókè kúrò níbi tí omi lè dé. Bátìrì sólà ló ń fún wọn ní iná. Bí ènìyàn bá ṣí ìdérí, iná a kú fúnra rẹ̀, nítorí kò dára fún ojú. Mo fi iná aláwọ̀ ewé kékeré kan sí orí ìdérí lókè. Bí iná aláwọ̀ ewé bá kú, omi ti tó mu.

Mo pe Màmá lórí fóònù pé mò ń bọ̀ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀. Àna kì í já lu ilé àna rẹ̀. Bí mo bá sì dé, ilé Màmá a máa dán: àga rẹ̀, tábìlì rẹ̀, fíríìjì rẹ̀, bí ohun tí wọ́n rà lánàá. Nígbà ayé ìyàwó mi, bí mo bá ń yin ilé náà, ẹ̀rín ni ó máa ń rín. "O ò tíì rí ilé wa rí," ni ó máa ń wí. N kò bèèrè ohun tó ní lọ́kàn. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń bèèrè.

Mo gbé ìkòkò náà sí kọ̀rọ̀ pálọ̀. Màmá yí i ká. Ẹnu Oǹdó ni ó ń fọ̀. Mò ń kọ ọ́ síbí lọ́nà tí gbogbo wa fi lè gbọ́ ọ.

"Níbo ni iná náà wà?"

"Ó wà lábẹ́ ìdérí, Màmá. Ojú kì í rí i."

"Iná tí ojú kì í rí." Ó wo ìdérí, ó wò mí. "Àna mi, ṣé àwọn oníná ló kọ́ yín ní irú èyí?"

Mo bu omi náà sínú ìgò tí mo ti sè, mo gbé e padà sí Àkúrẹ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń wá kòkòrò. Omi náà mọ́. Ọwọ́ méjèèjì ni Dókítà fi bọ̀ mí lọ́wọ́.

N kò lè máa lọ sí Oǹdó ní gbogbo ìgbà. Owó ọkọ̀ kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ọmọ ìjọ Màmá kan wà tó ń fi mọ́tò rẹ̀ ná ọ̀nà Àkúrẹ́. A ṣe é pé kí Màmá máa bu omi sínú ìgò bí iná aláwọ̀ ewé bá ti kú, kí awakọ̀ náà máa fi yìnyín gbé e wá fún mi. Ìgò àkọ́kọ́ dé. Kòkòrò kún inú rẹ̀.

"Ooru ni," Dókítà wí. "Ooru ti ń pa àwọn dáyóòdù."

Ó bọ́gbọ́n mu. Mo wá kọ́pà láti ara àwọn fíríìjì tó ti kú, mo lù ú pẹlẹbẹ, mo gbé àwọn dáyóòdù lé e kí ooru wọn lè máa sá lọ. Mo ṣe ìdérí tuntun. Mo pe Màmá, mo lọ, mo pààrọ̀ rẹ̀, mo bu omi. Ó mọ́. Mo padà sílé. Ìgò tí awakọ̀ gbé wá lẹ́yìn ìyẹn kò mọ́.

Mo ní bátìrì ni. Mo pe Màmá, mo gbé bátìrì mìíràn lọ. Omi mọ́. Mo padà. Omi kò mọ́.

Mo ní ó lè jẹ́ pé Màmá kì í dúró kí iná kú. Ó búra fún mi lórí fóònù pé òun máa ń jókòó tì í ni, òun máa ń kọ orin ìsìn títí iná a fi kú. Mo gbà á gbọ́, nítorí mo mọ bí orin ìsìn rẹ̀ ṣe máa ń gùn tó.

Ó wá ku awakọ̀. Mo lọ bá a ní ibùdókọ̀ Oǹdó ní Àkúrẹ́.

"Ṣé o kì í ṣí ìgò yìí lọ́nà?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí n fi ṣe kí ni? Oǹdó ni mo ti ń bọ̀. Bí òùngbẹ omi Oǹdó bá gbẹ mí, ṣé n kò ti ní mu ún kí n tó gbéra?"

"Ibo lo máa ń gbé e sí?"

"Inú yìnyín tí ẹ ní kí n gbé e sí ni. Àwọn èrò ọkọ̀ ń bi mí bóyá ẹja ni mo ń tà."

Àwọn awakọ̀ tó kù bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yọ sí ibùdókọ̀ yẹn, ariwo "Bàbá olómi!" ni wọ́n fi ń kí mi. Wọn kò tíì fi sílẹ̀ títí di òní.

Dókítà ní kí n wá rí òun nílé ní Ijapo lọ́jọ́ Sátidé kan. Mo mọ̀ pé ohun tí kò lè sọ ní yàrá ìṣàyẹ̀wò ni. Ìyàwó rẹ̀ gbé málítì fún mi. Dókítà ń yí ìdérí ìgò tirẹ̀ lórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú o. Mo kàn ń bèèrè ni. Omi tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín bù, ó ń mọ́. Èyí tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ bù ú, kì í mọ́. Bí ẹlòmíràn bá ka èyí, kí ni yóò rò?"

"Yóò rò pé mò ń purọ́."

"Há, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, sà."

"Ẹ ò sọ ọ́, Dókítà. Ẹ kàn bèèrè ni."

Dókítà gbé ìdérí ìgò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí a yọ ti Oǹdó kúrò nínú ìwé ìwádìí mi. Èyí tí a ṣe ní yàrá ìṣàyẹ̀wò dára, ó tó fún dìgírì, kò sẹ́ni tí yóò bi wá léèrè. Òótọ́ ló sọ, ire mi ló sì ń wá. Àmọ́ Màmá kò lè fi ìwé mi pa òùngbẹ. Mo ní kó fún mi ní àyè díẹ̀ sí i. Mo fi málítì náà sílẹ̀ láìmu. Inú ń bí mi sí Dókítà, inú ń bí mi sí dáyóòdù, inú ń bí mi sí ara mi pé mo fi ìkòkò àti sólà mi sílẹ̀ fún kànga kan láti máa fi ṣẹ̀fẹ̀.

Àwẹ̀ Lẹ́ńtì ti ń parí lọ nígbà tí àbúrò tún pè.

"Bọ̀dá mi, mo ti kun yàrá wọn. Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì."

"Ó kù díẹ̀ kí n yanjú rẹ̀."

"Ó ti ń ku díẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́. Wọ́n ní inú tún ń run wọ́n. Wọn ò sọ fún yín, àbí?"

Wọn kò sọ fún mi.

Lọ́jọ́ tí èsì ìgò mìíràn tún jáde, tí kòkòrò tún kún inú rẹ̀, n kò lọ sílé. Láti yàrá ìṣàyẹ̀wò ni mo ti gba ibùdókọ̀ lọ. N kò dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n kí Bàbá olómi. N kò pe Màmá. Inú ló bí mi débi pé mo gbàgbé pé àna ni mí. Ní Ọ̀wẹnà, àwọn ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọ ọwọ́ sójú fèrèsé ọkọ̀, mo gbójú kúrò lára wọn bí ẹni pé àwọn ló da kòkòrò sínú ìgò.

Mo dé Oǹdó lọ́sàn-án. Ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé o." Kò sí ẹni tó dáhùn. Mo wọlé.

Mo rò pé mo ṣi ilé wọ̀ ni. Gbogbo àga ló wọ ọ̀rá. Tábìlì wọ ọ̀rá. Fíríìjì wọ ọ̀rá dé ibi ọwọ́ tí a fi ń ṣí i. Rìmóòtì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rọ́bà so lọ́rùn. Aago ara ògiri wọ ọ̀rá. Àwòrán ìyàwó mi wọ ọ̀rá. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láti inú rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ìgbà tó wà láàyè pé o ò tíì rí ilé wa rí.

Mo yíjú sí kọ̀rọ̀. Iná aláwọ̀ ewé ń tàn lórí ìkòkò. Mo gbé ìdérí, iná kú, mo yí i padà.

Ọ̀rá ni, èyí tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì. Wọ́n gé e róbótó, wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀, wọ́n fi òwú funfun fà á yí ìdérí ká, ó le dan-in, kò hun jọ níbì kankan. Omi tó kán sí i wà lórí rẹ̀ bí ìrì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn dáyóòdù mi wà lórí kọ́pà wọn, wọ́n gbẹ, wọ́n mọ́ tónítóní, wọn kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Màmá gba ẹ̀yìn wọlé. Ó rí mi, ó ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Àna mi! Ẹ ò pè!"

Kò tilẹ̀ wo ìdérí tó wà lọ́wọ́ mi. Àga tó sún mọ́ ọn jù ló sáré sí, ó ń tú ọ̀rá ara rẹ̀.

"Ẹ má tíì jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n ṣí àga. Háà, ẹ wo irú ẹ̀sín."

"Màmá, kí lèyí?"

"Àga ni."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni mò ń wí."

Ó wá wò ó. "Ọ̀rá ni. Àlòkù kọ́ o, tuntun ni mo rà. Nǹkan yín yìí máa ń làágùn lábẹ́, omi a máa kán sí i. Ṣé kí n máa wò ó títí tí yóò fi bàjẹ́ ni?"

"Láti ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé àkọ́kọ́ wá. Bóyá ẹ ò tíì dé ibùdókọ̀ tí mo fi wọ̀ ọ́ fún un. Èkejì náà, bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló wá dé tí n kò rí i rí?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò tètè mọ̀wé.

"Ẹ fẹ́ kí àna mi wá bá ọ̀rá nílé mi? Bí ẹ bá ti pè pé ẹ ń bọ̀, mo ń ṣí gbogbo rẹ̀ ni. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

A kì í jágbe mọ́ ìyá ìyàwó ẹni. Mo gbé ìdérí kalẹ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ, mo dúró ti kànga náà. Mo dúró níbẹ̀ títí inú mi fi rọ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, gbogbo àga ti wà ní ìhòòhò, wọ́n ń dán.

Mo sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ náà kì í gba inú ọ̀rá kọjá.

"Ọ̀rá tó mọ́ báyìí? Mò ń rí ọwọ́ mi nínú rẹ̀."

"Ojú tiwa ló mọ́ sí, Màmá. Lójú iná yẹn, ògiri ni."

Ọ̀rọ̀ Dókítà ló jáde lẹ́nu mi yẹn. Mo gbọ́ ọ ju ìgbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lọ.

Màmá jókòó.

"Ẹ ní kí n má wo iná náà, mi ò wò ó. Ẹ ní kí n má mu omi kí àwọ̀ ewé tó kú, mi ò mu ún. Ẹ ò sọ pé kí n má wọ aṣọ fún un."

N kò sọ ọ́. Ta ni yóò rò ó?

"Bí ẹ bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́," ó ní. "Àmọ́ yóò bàjẹ́ o."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi mọ́ nìyẹn, nítorí pé ìdérí kan wà ní Àkúrẹ́ tí mo fi ń dán nǹkan wò, tí kò wọ ohun kankan, wáyà rẹ̀ sì ti ń dógùn-ún. Bí mo bá yọ ọ̀rá, dáyóòdù kò ní pẹ́ kú. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ògiri ni. Àjíǹde sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo wọ ọkọ̀ padà pẹ̀lú ìdérí náà lórí itan mi.

Lójú ọ̀nà yẹn ni mo ti rántí ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà kan tó ti tì pa ní Àkúrẹ́ nígbà tí epo dísù wọ́n. Àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fi iná yúfí ńlá sínú omi wọn, inú ọ̀pá dígí kan ni wọ́n sì ń fi iná náà sí. Dígí náà kì í ṣe dígí fèrèsé. Kúọ́tísì ni wọ́n ń pè é. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó jẹ́ pé bó ṣe mọ́ sí ojú wa náà ló mọ́ sí ojú yúfí. Mo lọ bá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọgbà náà. Ó bi mí kí ni mo fẹ́ fi ìgò fífọ́ ṣe. Mo ní mo fẹ́ rán aṣọ. Ó jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó ti kán.

Èmi àti Dókítà gé ibi tó kán kúrò. Nígbà tí a ń wo ọ̀pá dígí yẹn lórí tábìlì, òun ló sọ ọ́:

"Bàbá, bí àwọn dáyóòdù bá ti wà nínú èyí, kí ni wọ́n tún ń ṣe lábẹ́ ìdérí? Ẹ jẹ́ ká rì wọ́n sínú omi."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. A to àwọn dáyóòdù sí ara ọ̀pá kọ́pà, a tì í sínú dígí, a dí ojú rẹ̀ méjèèjì, a fi kọ́ ìdérí kó máa rì sínú omi. Omi náà ló wá ń gba ooru lára wọn. Ìmọ́lẹ̀ kò tún rìn nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ibi iṣẹ́. Iye dáyóòdù kan náà, bátìrì kan náà, omi wá ń yára mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí mo ti ń gé, tí mo ti ń lù láti ìgbà ọyẹ́ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Mo pe Màmá, mo gbé e lọ. Ó fi èékánná kan dígí náà.

"Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú eléyìí?"

"Ó ń gbà á."

"Omi kò lè wọ̀ ọ́?"

"Kò lè wọ̀ ọ́."

"Ó ti wọ aṣọ nìyẹn." Ó fi ọwọ́ pa ìdérí. "Orí ìdérí lókè ńkọ́? Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, nítorí eruku?"

Mo ní kó fi ọ̀rá sí ìyẹn. Ó ṣì wà lórí rẹ̀. Títí di òní, n kò sọ fún un pé ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà ni aṣọ náà ti wá.

N kò bu omi lọ́jọ́ náà. Mo padà sí Àkúrẹ́, mo dúró de ìgò awakọ̀. Ó fúnra rẹ̀ gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà wa, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí òun ti ń gbé kiri. Omi náà mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e mọ́. Awakọ̀ ní kí n wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òun níwájú gbogbo ibùdókọ̀. Mo lọ, mo tọrọ rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Dókítà fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó ń lo ìkòkò náà ló ṣàṣìṣe. A jiyàn lórí gbólóhùn yẹn ju bí a ti jiyàn rí lọ. Níkẹyìn, a kọ ọ́ pé ìdérí àkọ́kọ́ kò ní ìbòrí tó yẹ, nítorí náà ẹni tó ń lò ó wá ọ̀kan fún un.

Àbúrò dé nígbà ọdún Àjíǹde, àpótí òfo wà nínú mọ́tò rẹ̀. Mo fi èsì omi hàn án. Ó kà á, ó tún un kà, ó wo ìkòkò, ó wo ìyá rẹ̀ tí kò tilẹ̀ gbójú sókè láti ibi ìrẹsì tó ń ṣà.

"Bọ̀dá mi, ẹ ti fi mí ṣẹ̀sín. Mo ti kun yàrá."

"Máa sùn níbẹ̀," Màmá dá a lóhùn.

Nígbà tí mo tún lọ, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo pè tẹ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, Màmá ní òun ti gbọ́. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo dúró. Gbogbo àga ló wọ ọ̀rá. Mo rò pé ó gbàgbé ni, mo ń dúró kó sáré dìde.

"Kí lo dúró sí?" ó ní. "Jókòó, o ń dí atẹ́gùn."

Mo jókòó. Ó bu omi láti inú ìkòkò fún mi, mo mu ún tán. Ọ̀rá náà gbóná. Ó ń pariwo bí mo bá mí, ó sì lẹ̀ mọ́ mi láti ẹ̀yìn dé itan títí mo fi dìde. N kò ní kó ṣí i.